Ẹni Tó Ń Dá Sájẹ́ńtì Lóhùn

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo mutí. Ọ̀sán gangan ni, ẹ̀wà ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ilé rédíò kékeré kan ní Ìbàfò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń darí ẹ̀rọ. A ní ká ṣe eré àtijọ́ kan lẹ́ẹ̀kan sí i lórí afẹ́fẹ́ ní tààràtà: Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá ń wádìí olè, olè ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Àkàngbé, ará Ìfọ̀, ló ń ṣe Sájẹ́ńtì láyé ìgbà yẹn. Bàbá Lásún, ọ̀rẹ́ wọn, ló ń ṣe olè. Ṣùgbọ́n Bàbá Lásún ti kú.

Ìjà ni wọ́n bá pínyà. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Bàbá Àkàngbé máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ wọn lẹ́nu, kí àwọn èèyàn lè máa rẹ́rìn-ín sí tiwọn. Nítorí ẹ̀rín! Bàbá Àkàngbé ò tíì bẹ ọ̀rẹ́ wọn tí ikú fi dé, ó sì ń dùn wọ́n gan-an.

A fẹ́ fi ẹlòmíì ṣe olè, Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

“Ẹ gbé máìkì méjì kalẹ̀. Mi ò ní gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu lónìí. Màá dúró dè é.”

Mo gbé e kalẹ̀. Ta ló máa bá àgbà jiyàn?

Bàbá bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ olè yìí, adìyẹ baálẹ̀ dà?” Ni wọ́n bá dákẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sóhun tó ń já òṣìṣẹ́ rédíò láyà bí ìdákẹ́jẹ́. Àánú Bàbá ṣe mí, mo tan máìkì tèmi, mo ní, “Adìyẹ wo?”

Ohùn ọkùnrin kan sọ jẹ́jẹ́ nínú íapíìsì tí mo fi ń gbọ́ ètò létí: “Ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn.”

Mo yọ íapíìsì, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi jẹnẹrétọ̀. Mo fi í padà sétí, ohùn yẹn ti ń bá eré lọ: “Adìyẹ kẹ̀? Sájẹ́ńtì, adìyẹ yẹn ló jí èmi gbé!”

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ti dákẹ́, ohùn yẹn á dáhùn. Fóònù wa ò sinmi. Ìyá kan pè láti Àgbàdo: “Ta lẹ tún rí mú ṣe olè yẹn? Ẹ bá wa kí wọn o, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá!”

Nígbà tí eré parí, Bàbá, tí wọn ò fi nǹkan kan sétí látàárọ̀, tí wọn ò sì gbọ́ ohùn yẹn rárá, sún mọ́ máìkì kejì. “Lásún, má bínú.” Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n rọra bi mí pé, “Kí ló wí?”

Mo tẹ́tí. “Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, sà.”

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn pòròpòrò. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sá.

Ẹ má bi mí ibi tí ohùn yẹn gbà wọlé, mi ò mọ̀ títí dòní. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, bí àgbà òṣèré bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ lójú yín, ẹ má bá wọn parí ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹlòmíì ló kàn.