Ọgọ́ta Àsíá Tí Mi Ò Gé

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì àti ti irin gbígbóná ló máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà, nítorí ẹ̀yìn rélùwéè Ọ̀fà ni mo ti ń ránṣọ. Ayé sójà ni. Orílẹ̀-èdè méjì lókè òkun ń bára wọn jagun, ìjọba tiwa sì ti sọ pé àwọn ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Aṣojú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ò gbà. Dípò kó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ékòó, ńṣe ló ń lọ láti ìlú dé ìlú, tó ń wá ọ̀dọ́ tí yóò forúkọ sílẹ̀ láti lọ bá wọn jà.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó gbé ìdì aṣọ aláwọ̀ méjì lé mi lọ́wọ́: kí n fi rán ọgọ́ta àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí àwọn èèyàn yóò gbé sókè nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ní pápá lọ́jọ́ Sátidé. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ń sọ pé, “Yẹs, sà.” Kí ni ǹ bá sọ? Mọ́tò rẹ̀ gùn ju ṣọ́ọ̀bù mi lọ, ìwé mẹ́fà péré ni mo sì kà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, rédíò kéde pé ìjọba ti kìlọ̀ fún ọkùnrin náà, pé ọlọ́pàá yóò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni tó bá bá a kó èèyàn jọ. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò gbọ́ ìyókù. Mo ti ń ro ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ wá fún mi látìmọ́lé. Mo tún rò ó pé bí mi ò bá rán an, òyìnbó yìí lè fi ẹjọ́ mi sun àwọn tó lágbára. Mo di ẹrù, mo fẹ́ sá lọ sọ́dọ̀ àna mi n'Íjàgbó, àmọ́ mo rántí pé àna mi náà ní rédíò.

Ibi tí mo ti ń di ẹrù ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ká mi mọ́, Alhaji tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ télọ̀. Kò bá mi wí. Ó tú aṣọ náà, ó rí ìlà tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fà.

“Ṣé àlùmọ́gàjí ti kàn án?”

Mo ní rárá. Ó ní bí kò bá tíì kàn án, ti ẹni tó gbé e wá ṣì ni. Bí a bá gé e, a ti di alábàáṣe. Gbogbo télọ̀ ìlú ló mọ òfin wa: aṣọ àpéjọ, a kì í gé e àfi bí onílé kan nílùú bá wá dúró pé òun mọ̀ sí i. Mọ́tò gígùn ló jẹ́ kí n gbàgbé.

Nígbà tí àlejò wa padà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Alhaji kí i dáadáa, ó fún un ní àga àti omi tútù, ó sì ṣàlàyé òfin náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn tó dúró lójú títì, bóyá onílé kan á dúró fún òun. Kò sẹ́ni tí kò kí i. Wọ́n tilẹ̀ bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì kọjú sí mi. Ògbufọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Ó ní ta lo ń bẹ̀rù, ìjọba yín ni àbí àwa?”

“Ẹ̀yin méjèèjì, sà.”

Títì bú sẹ́rìn-ín. Mo ká aṣọ náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. “Ẹ gba aṣọ yín, sà. Mi ò tíì gé e.” Ó gbà á. Lọ́jọ́ Sátidé, kò sí àsíá, kò sí ìpàdé. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti pè é padà sílé.

Àwọn èèyàn pè mí ní akọni fún bí oṣù mélòó kan. Mo jẹ́wọ́ fún Alhaji pé orúnkún mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ó ní òun rí i, pé ọwọ́ mi ni kò gbọ̀n. Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé ojo ni ẹni tí kò bá gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Mo wá rí i pé èèyàn lè máa gbọ̀n, kó sì dá ẹrù ẹlẹ́rù padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bóyá ìjọba wa náà gbọ̀n kí wọ́n tó sọ pé àwọn ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Mi ò sí níbẹ̀. Tèmi ni mo mọ̀.