Ẹ̀gún Kejìlá

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ya eegun ẹ̀dá kan tí ojú lásán kò lè rí. Inú òkun ló ń gbé, ó kéré ju ẹyọ iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n lábẹ́ maikirosikóòpù, eegun rẹ̀ ń dán bíi dígí, ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀, ẹ̀gún sì yí i ká. Olùkọ́ yunifásítì kan ló gbé iṣẹ́ náà fún mi, fún ìwé tó ń kọ. Ó ti dá àwòrán mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí ẹ̀kẹta bá tún ní àṣìṣe, òun á wá ẹlòmíràn. Àmì wínníwínní ni mo fi ń tò ó, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí ọrùn mi fi gan.

Ẹ̀gún mọ́kànlá ló pé. Ìkejìlá ti kán, bó sì ṣe kán náà ni mo ṣe yà á.

Àgbàlá ìyá mi ní Ìtòkú ni tábìlì mi wà. Aláró ni ìyá mi. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ló fi ń ya ọnà sára aṣọ kó tó rì í sínú aró, kò sì sí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo rí. Mo lọ ra íńkì ní Láfẹ́nwá. Kí n tó dé, ó ti mú kálámù mi, ó sì ti ya ẹ̀gún tó kán náà pé.

"Mo ti bá ẹ parí ẹ̀," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lo máa gbé e fún oníbàárà ni?"

Mo gbaná jẹ. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án? Ẹ ti bà á jẹ́! Irọ́ lẹ yà síbẹ̀!"

Gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló gbọ́. Ìyá mi lọ ṣe àlùwàlá, ó sì pẹ́ nídìí omi.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àwòrán náà lọ bẹ́ẹ̀ láti bẹ olùkọ́ náà pé kó fún mi láyè sí i. N kò tíì lanu tó fi ní òun ti gbà á. Ẹ̀gún tí ìyá mi yà gan-an ló fìka lé.

"Ẹ̀hẹ́n! O ti wá ń fara balẹ̀ wo nǹkan."

"Ẹ̀gún yẹn ò sí níbẹ̀, sà. Ó kán ni. Ṣé ẹ ò wo maikirosikóòpù ni?"

"Ta ló máa mọ̀?"

Mo já àwòrán mi gbà. Ọkùnrin yìí tó ń dá iṣẹ́ mi padà nítorí àṣìṣe, kò wo nǹkan kan rárá! Ẹnì kan ṣoṣo ló wo iṣẹ́ mi dáadáa débi tó fi rí i pé ẹ̀gún kan kán, òun ni mo sì bú lójú gbogbo àgbàlá.

Mo ti ń ya òmíràn. Lánàá, mo bẹ ìyá mi pé kó wá bá mi wò ó. Ó káwọ́ sẹ́yìn kó tó sún mọ́ tábìlì.