Ìgbọ̀nwọ́ Mẹ́ta sí Ẹnu Táǹkì

"Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta sí ẹnu táǹkì. Lọ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbẹ̀ fún mi."

Bàbá mi àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ti gbé ìbòjú dúdú lé iwájú orí. Tírélà náà dúró lórí yanrìn níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ajah, ó ń rùn fún dísẹ̀lì àti táyà gbígbóná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn, ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ tírélà rárá.

Ajórin ni Bàbá. Ohun tí àwọn onítírélà mọ̀ wọ́n sí jù ni kí wọ́n jó táǹkì epo àti àpótí bátìrì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n á ní, "Orogún ni táǹkì àti bátìrì. Ọkọ̀ kan ló fẹ́ àwọn méjèèjì, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ sun yàrá kan náà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá ṣàlàyé pé epo máa ń ta sílẹ̀ lẹ́nu táǹkì, bátìrì náà sì lè ṣáná nígbàkígbà.

Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀, torí èmi ni mò ń ka nọ́ńbà orí fóònù fún wọn, èmi náà ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà tó nípọn tí wọ́n lè rí. "Ọ̀rọ̀ àwa méjì ni o," ni wọ́n wí fún mi. "Ajórin tí ò ríran, ta ló máa gbé ọkọ̀ fún un?" Wọ́n gé igi kan tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ wọn títí dé orí ìka àárín. Igi yẹn ni mo fi ń wọn nǹkan.

Lọ́jọ́ yẹn, igi wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Ó sú mi láti wọlé lọ mú un. Mo fi apá ara mi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fàlà, mo sá lọ ṣeré. Bàbá jó àpótí bátìrì mọ́ ibi tí mo fàlà sí.

Lẹ́yìn ìrun Alaasárì, mo ti padà dé, dírẹ́bà ń da kẹ́ẹ̀gì dísẹ̀lì sí táǹkì. Epo ta, ó ṣàn lọ tààrà sórí àpótí bátìrì. Ó rọra gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Tí bátìrì yìí bá sípáàkì, èmi ni mo máa jóná nínú ẹ̀ o. Ta ló wọn eléyìí?"

Bàbá fọwọ́ wá ẹnu táǹkì, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Kò gba ẹ̀ẹ̀kẹta. Wọ́n ti mọ̀.

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹ má bínú, màá tún un ṣe."

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi, dírẹ́bà sì yíjú sí mi. "Ìwọ lo fàlà yìí, àbí?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Kì í ṣe ẹjọ́ mi, sà. Bàbá ò ríran mọ́."

Dírẹ́bà ò pariwo. Ó tiẹ̀ tún bẹ Bàbá pé kí wọ́n má bínú, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ajórin mìíràn. Kó tó di Jímọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé gáréèjì. Kò sẹ́ni tó bú wọn. Àwọn onítírélà kàn ń kí wọn, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì wakọ̀ kọjá. Nígbà tí òjò máa fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá ti ta ẹ̀rọ ìjórin.

Bàbá ò bá mi wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ nígbà tí a ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí dírẹ́bà yẹn wakọ̀ lọ ni pé, "Apá rẹ ò tíì gùn tó tèmi. Máa lo igi."

Ní báyìí, iṣẹ́ mi wà ní Lẹ́kkí Free Zone, níbi tí tírélà ń tò láti àárọ̀. Àárín táǹkì àti bátìrì ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Igi Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ojú ń tì mí tí mo bá rí i, n ò sì lè sọ ọ́ nù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé apá mi lé e, ó ṣe rẹ́gí.

Pé apá mi kúrú lọ́jọ́ náà, mo lè dárí ìyẹn ji ara mi, ọmọdé ni mí. Ẹnu mi ló gùn, ìyẹn ni n ò lè dárí jì.