Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Lọ Gbà Ní Ọ̀rẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gun ọ̀kadà ní Òdìgbó. Náírà mẹ́wàá ni wọ́n gbà dé Ọ̀rẹ̀ nítorí epo wọ́n, àwọn ológun tó ń ṣèjọba sì ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù wo? Àìnísùúrù tèmi ló lé mi jáde.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ká orin sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi Akin, tó bú ìjọba ní gbangba tó sì sá lọ sí Íńdíà, fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́. Tíráǹsì ni wọ́n ń pe orin náà lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀, gbì-gbì-gbì, wọ́n á sì máa jó o létí òkun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń pe ohun tí kò lẹ́nu ní orin? Mo gbọ́ díẹ̀, ó sú mi. Bàbá Bọ́sẹ̀, awakọ̀ kan ní Ọ̀rẹ̀, ní kí n ká a fóun, pé kò ní jẹ́ kóun sùn lójú ọ̀nà; mo sì ká a fún un. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì wá di ọ̀wọ́n, mo ká orin ìsọjí ìjọ aládùúrà wa lé ti Akin lórí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó bi wá pé ṣé Màámi gbọ́ ọ̀rọ̀ tóun sọ sí ìparí orin náà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ìyá wa ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn! Ojú tì mí, mo sì rántí èyí tí mo ká fún Bàbá Bọ́sẹ̀.

Mo bá Bàbá Bọ́sẹ̀ nídìí ẹ̀kọ àti àkàrà ní gáréèjì. Ó fi mí rẹ́rìn-ín pé ariwo tí mo kẹ́gàn ni mo jí wá bẹ̀bẹ̀ fún. Kásẹ́ẹ̀tì jùjú méjì ló gbà kó tó fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń padà ni àwọn ṣójà dá ọ̀kadà wa dúró. Nígbà náà, àwọn kan ń ká èébú ìjọba sínú kásẹ́ẹ̀tì kiri. Sájẹ́ǹtì yọ tèmi lápò, ó tì í bọ rédíò rẹ̀. Àyà mi já. N kò mọ ohun tí Akin sọ, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu Akin. Gbì-gbì-gbì. Orin náà dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Ìgbà wo ló máa kọrin?”

“Kò ní kọrin, sà.”

Ó pòṣé, ó yọ ọ́, ó jù ú lù mí. Bó ṣe sú mi ló sú òun náà, kò gbọ́ ọ dópin.

Nílé, Màámi jókòó ti rédíò títí ariwo náà fi tán. Ni Akin bá sọ̀rọ̀:

“Màámi, ara mi le. Ọjọ́ táwọn ṣójà bá lọ ni mo máa dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.”

Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo rántí sájẹ́ǹtì. Mo fẹ́ dá ohùn náà nìkan padà, Màámi di ọwọ́ mi mú.

“Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni,” ó ní. “Ohun tọ́mọ mi ń gbọ́ níbẹ̀ nìyẹn.”

Kí n tó tún un tẹ̀, mo ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi gan-an, má lè ká nǹkan lé e mọ́.