Ọmọ Àkísà Tí Mo Rán fún Ajá Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kì í ṣe pé ẹnì kan wá ròyìn fún mi. Torí náà ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ohun tí ajá fi ojú mi rí.

Prámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá dé Sabon Gari ní Kano tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tó ń rán kúṣìn tí kì í tú, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n máa mú yín wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ajá. Ta ló mọ ajá tó mi ní gbogbo France Road? Kò sí.

Abo ajá mi, Tanímọ̀la, bí ọmọ mẹ́fà sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi. Wọ́n sanra, wọ́n ń dán. Mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ ajá gidi wá gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo àtẹ́wọ́! Wọ́n kì mí bí ọba. Ní Sátidé kan ṣoṣo, wọ́n kó gbogbo wọn lọ, òmíràn dé Nassarawa GRA lọ́hùn-ún. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n.

Ìyàwó mi, Ìyá Ṣadé, ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n máa fi wọ́n tọrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìyá wọn má bàa mọ̀ ọ́n lára. Mo ní ta ló ń kọ́ èmi ní ọ̀rọ̀ ajá?

Láti ọjọ́ náà ni Tanímọ̀la kò ti jẹun mọ́. Ó wá abẹ́ gbogbo àga, ó wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wá lọ dùbúlẹ̀ sórí àpò tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí. Ọmú rẹ̀ le. Ìyá Ṣadé ń fi aṣọ olómi tútù lé e. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, egungun ìhà rẹ̀ ti yọ.

“Baba, if she no chop, she go die o,” Ṣadé àkọ́bí mi wí. Kano la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, kì í fi dáhùn ni. Ó fi hàn mí lórí fóònù bí àwọn kan ṣe ń fi oúnjẹ pamọ́ sínú ohun ìṣeré, kí ajá máa wá a, kí ọkàn rẹ̀ kúrò nínú ìrònú.

Ṣé èyí ló máa ṣòro fún mi? Mo lu ihò sára ike omi, mo rún kuli-kuli tí kò lata sínú rẹ̀, mo yí i sọ́dọ̀ Tanímọ̀la. Ó wò ó, ó gbójú kúrò. Mo gé túùbù kẹ̀kẹ́, mo dì í bí irun, mo so ẹ̀dọ̀ sísè mọ́ ọn. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Bàbá Ṣadé, ọ̀gá ajá,” ìyàwó mi wí, “ẹ lọ gba ọ̀kan padà lọ́wọ́ àwọn tó ń kì yín.”

Ẹnu tí mo fi ṣe fáàrí, ṣé òun náà ni n óò fi tọrọ? Síbẹ̀ mo lọ sílé ẹni tó sún mọ́ wa jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ajá náà mọ́ra, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Mo ní mo kàn wá kí wọn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo rí Tanímọ̀la tó ń lá igun àpò yẹn, bí ẹni ń lá ọmọ. Mo gé igun náà. Mo fi abẹ́rẹ́ kúṣìn rán an, ó tó ọmọ ajá kan, mo ki àkísà sí i, mo dá ẹnu sí i, mo fi ẹ̀dọ̀ àti kuli-kuli sí ẹnu náà.

Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́. Ó lá a. Ó fẹnu gbé e wọ abẹ́ tábìlì, ó ká mọ́ ọn. Ibi tó ti ń lá a ni ahọ́n rẹ̀ ti kan ẹ̀dọ̀. Ó jẹ ẹ́. Mo tún fi sí i, ó tún jẹ ẹ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Alhaji kan wọlé wá gba àga rẹ̀, ó kí mi kú iṣẹ́ ní Hausa, ó ní “Sannu da aiki.” Mo fìka sẹ́nu pé kó rọra. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó ní òun máa padà wá lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, ẹ má tìtorí àtẹ́wọ́ kó ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì ń ṣọ̀fọ̀, ohun tó ní òórùn ẹni tó ń wá ni kí ẹ fi ṣe ìṣeré fún un. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní Kano, ẹ lọ bèèrè. Kí lẹ̀yin ti ṣe fún ajá yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, Ṣadé á kà á fún mi.

Ọmọ mẹ́fà ni Tanímọ̀la bí. Mẹ́fà ni mo fi tọrẹ. Kò ku ẹyọ kan fún un.