Ṣùkù Àgbàdo Nítorí Ojú Ìyá Mi

Bí ìyá mi bá ń yan gàrí, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Yóò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò dijú, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa fi igbá da gàrí síwá sẹ́yìn nínú agbada. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkèrèwè ló ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń yan gàrí nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ojú sọ fún un pé bí kò bá kúrò nídìí èéfín, kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jáwọ́. Ó ní kí èmi náà kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìwé kíkà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí agídí tó wà lára mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbé e wá.

Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Iṣẹ́ mi ni bí a ṣe lè sọ ṣùkù àgbàdo tí à ń dà nù di ohun ìdáná tí kì í rú èéfín. A ó kó ṣùkù gbígbẹ sínú dírọ́ọ̀mù, a ó dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́, a ó wá dáná sábẹ́ rẹ̀. Ṣùkù náà kò ní jó. Yóò kàn máa gbóná, èéfín inú rẹ̀ á máa gba páìpù kékeré jáde, títí yóò fi dúdú bí ẹ̀pà tó yan jù. Lójú tèmi, èéfín tó bá ti tán síbẹ̀ kò ní dé ojú ìyá mi mọ́.

Ẹdúnàbọ̀n ni mo ti kó ṣùkù àkọ́kọ́. Nígbà tí mo yọ iná lábẹ́ dírọ́ọ̀mù, mo ní kí ìyá mi bá mi ṣọ́ ọ, mo lọ wẹ̀. Mi ò sọ fún un pé inú dírọ́ọ̀mù yẹn ló gbọ́dọ̀ tutù sí. Gàrí gbígbóná, kíá la máa ń tẹ́ ẹ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bu. Ìyá mi rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣùkù, ó bá ṣàánú mi, ó ṣí dírọ́ọ̀mù, ó da ṣùkù mi sórí páànù. Kí n tó dé, ó ti gbiná, eérú ló kù.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?" Ó ń fi etí ìró nu ojú, mi ò sì mọ̀ bóyá èéfín ni tàbí ẹkún. Ojú tì mí, ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo bá àpò ṣùkù méjì lẹ́nu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣà á jọ ní Sábó.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màámi."

"Dìde jàre. Sọ bó ṣe yẹ kó tutù fún mi."

Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló fi amọ̀ lẹ etí ìdérí. Ó jókòó ti dírọ́ọ̀mù, ó ń lé adìẹ, ó ń lé èmi náà. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó gbà kí n ṣí i.

A fi ṣùkù náà dáná sábẹ́ agbada. Ìyá mi yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe, ó dijú. Nígbà tó ṣe, ó ṣí ojú kan, ó ṣí ìkejì. Ó gbé orí sókè, ó wò mí láti òdìkejì iná, ó wò mí pẹ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìgbà wo lo hewú?"