Oyin Ọ̀pẹ Òyìnbó Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ èyí! Ṣé ẹ mọ̀ pé ènìyàn lè fi ọ̀pẹ òyìnbó ṣe ohun tó dùn ju ṣúgà lọ? Èmi náà kò mọ̀, àfìgbà tí mo tọ́ ti Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù wò ní Màkún, ní Ṣàgámù.

Wúlẹ̀mọ̀tù ni orúkọ ìyá yìí gan-an; obì ló ń tà kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Yúnúsà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Simawa. Inú ààwẹ̀ nìkan ló máa ń rántí ilé: gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá ìyá ṣínu. Ògì gbígbóná ni ìyá fi ń dúró dè wọ́n.

Lọ́dún 1984, ṣúgà di àwátì. Kí ni kí ìyá fi sí ògì ọmọ-ọmọ? Ó bó ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́fà, ó gún un lódó, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó gbé omi rẹ̀ ka iná. Ó yẹ kó sè é títí yóò fi fà bí oyin, ṣùgbọ́n ojú ń kán an. Ó sọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ń ṣàn, ó rọ ọ́ sígò, ó dé e pinpin di Jímọ̀.

Jímọ̀ pé, Yúnúsà kó àwọn ọmọ dé. Wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn fi omi ṣínu. Ìyá ṣí ìgò: pọ́ọ̀! Ìfófó bo tábìlì, òórùn ẹmu gba ilé.

Yúnúsà fò dìde. "Ìyá! Ẹmu lẹ fẹ́ fi bá wa ṣínu?"

"Ẹmu kẹ̀? Omi ọ̀pẹ òyìnbó ni, ọmọ mi."

"Omi ọ̀pẹ òyìnbó wo ló ń hó láìsí iná? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde."

Ìyá nìkan ló mu ògì. Bí Yúnúsà ò bá padà wá, ta ni yóò tún bá a ṣínu?

Ṣé ó wá jókòó sunkún? Rárá o! Ó se òmíràn, ó ń rò ó láti ìrun àìlá títí dé alásárì. Ó kán díẹ̀ sómi tútù: kò tú ká, ó jókòó sísàlẹ̀ ife. Ọjọ́ márùn-ún ló fi ṣọ́ ọ. Kò hó, kò rùn. Ó fi rán Lásúnkànmí, awakọ̀ takisí tó ń ná Simawa, sí Yúnúsà.

"Sọ fún un kó gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀."

"Ìyá, tó bá kọ̀ ọ́, èmi ò ní kọ̀ ọ́ o!"

Lọ́jọ́ kejì, Lásúnkànmí padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó ní ó dùn! Àwọn ọmọ lá a tán pátá. Ó ní kẹ́ ẹ tún fi ìgò méjì ránṣẹ́."

"Òun ńkọ́? Ó ń bọ̀ ní Jímọ̀?"

Lásúnkànmí ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. "Kò sọ, ìyá."

Ọdún mẹ́ta rèé. Ìgò ń lọ sí Simawa. Yúnúsà ò wá. Tẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, ẹ lọ sí Màkún fúnra yín, ẹ bèèrè Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù olóbì. Ẹ mú gàrí tí ẹ ó fi oyin náà mu dání. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kó rọ ọ́ sígò fún yín o. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò níbẹ̀.